Olobó ni, kì í ṣe ìkéde

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí "ìfitónilétí" jẹ́ orúkọ ọ̀rọ̀ tí ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà (bíi Windows, Linux tàbí Android) máa ń rán sí áàpù nígbà tí nǹkan bá yí padà nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì aláìlówàyà; àyípadà "ìṣètò" ni àbá náà sì pe gbogbo irú àyípadà bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ta kò ó: wọ́n ní áàpù kì í ṣe ẹni, kò sì létí. Èmi ò bá wọn lọ síbẹ̀. Ojoojúmọ́ la ń sọ pé kọ̀ǹpútà "kọ̀", tàbí pé kò "gbọ́" ohun tí a wí, ọ̀rọ̀ náà sì ń yé gbogbo wa.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé "ìfitónilétí" ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Òun ni à ń pe ohun tó ń yọ lójú fóònù fún ènìyàn láti kà. Bí ìwé ìtọ́sọ́nà bá wá ní kí ẹni tó ń kọ áàpù pa ìfitónilétí, èwo ni yóò pa? Èyí tí à ń sọ yìí kì í dé ojú ẹnikẹ́ni rárá. Àárín ètò ìṣiṣẹ́ àti áàpù ló ń parí sí.

"Ìkéde" tí àwọn mìíràn mú wá náà kò bá a mu. Ìkéde, ará ilé gbọ́, ará oko gbọ́. Lórí Windows, áàpù ní láti kọ́kọ́ pe WlanRegisterNotification, àṣẹ tí wọ́n fi ń forúkọ sílẹ̀, kó sọ irú àyípadà tó fẹ́ máa gbọ́. Èyí tí kò bá forúkọ sílẹ̀, kò ní í gbọ́ nǹkan kan. nl80211, ọ̀nà tí Linux àti áàpù fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ nípa nẹ́tíwọ́ọ̀kì aláìlówàyà, náà pín ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, áàpù á sì wọ ẹgbẹ́ tó kàn án. Android ló ṣe ìkéde gidi nígbà kan: bí àsopọ̀ bá ti yí padà, gbogbo áàpù tó ti kọ ọ́ sínú fáìlì manifest rẹ̀ (fáìlì tó fi ń ṣàlàyé ara rẹ̀ fún Android) pé òun fẹ́ gbọ́ á jí lẹ́ẹ̀kan náà, bátìrì á sì máa lọ. Láti Android 7.0, lọ́dún 2016, wọ́n dí ọ̀nà yẹn mọ́ àwọn áàpù tí a bá kọ fún un. Ẹ jẹ́ ká fi "ìkéde" sílẹ̀ fún irú èyí.

"Olobó" ni mo fọwọ́ sí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn là ń ta lólobó, olobó kì í sì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán. Bí nl80211 ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn: tí ìwákiri nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá parí, á ta áàpù lólobó pé àbájáde ti wà nílẹ̀, áàpù fúnra rẹ̀ ni yóò padà lọ béèrè àbájáde náà. Lóòótọ́, àwọn kan ń gbọ́ àṣírí nínú "olobó", ṣùgbọ́n ohun tí ojú gbogbo ayé ti rí náà ni wọ́n fi ń ta ọlọ́pàá lólobó.

Ó ku "ìṣètò". Àbá náà pa nǹkan méjì pọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà tàbí pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan rẹ́ kúrò nínú àwọn tó fi pamọ́, àyípadà ìṣètò nìyẹn. Kí ẹ̀rọ so mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tàbí kó já kúrò lára rẹ̀, àyípadà ipò ni. Tó bá wá kúrò lára ẹ̀rọ kan tó ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì bọ́ sórí òmíràn lábẹ́ orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, ipò ni mo ka ìyẹn sí, torí kò sí ohun tí a fi pamọ́ tó yí padà.