Ìdíje káàdì Pokémon fún èèyàn 24 ní Wuse: ráúǹdù mélòó, báwo ni ká ṣe pín wọn?

Ará Kubwa

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fẹ́ ṣètò ìdíje káàdì Pokémon ní Wuse, ní Abuja, ní Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá. Èèyàn 24 ló ti forúkọ sílẹ̀, àwọn kan láti Gwarinpa àti Jabi, àwọn kan láti Nyanya àti Mararaba. Ọmọdé márùn-ún wà nínú wọn. Aago 10 àárọ̀ ni wọ́n máa ṣí gbọ̀ngàn fún wa, a sì gbọ́dọ̀ ti kúrò níbẹ̀ ní aago 6 ìrọ̀lẹ́ torí àwọn míì ló ni alẹ́. Tábìlì gígùn mẹ́jọ ló wà níbẹ̀.

Ohun tó ń dà mí láàmú rèé. Ẹni tó bá pàdánù lẹ́ẹ̀kan, ṣé kó máa lọ sílé ni? Ráúǹdù mélòó ló yẹ? Ṣé géèmù kan ni kí wọ́n ta ní ráúǹdù kọ̀ọ̀kan àbí mẹ́ta? Bí NEPA bá mú iná lọ, tí laptop kú, báwo la ṣe máa mọ ẹni tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa bá ta? Mo tún gbọ́ pé ayédèrú káàdì pọ̀ lọ́jà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Rẹfirí Gwarinpa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ará wa. Ẹ má lé ẹnikẹ́ni lọ sílé. Ẹni tó wọ mọ́tò láti Mararaba, tó ta fún ìṣẹ́jú 20, tí ẹ wá ní kó máa lọ, ẹ ò ní rí i mọ́ nígbà tí ẹ bá tún ṣe òmíràn. Ìlànà Swiss ni kí ẹ lò. Gbogbo èèyàn ló máa ta gbogbo ráúǹdù. Ẹni tó jẹ gba póíǹtì 3, ọ̀mì gba 1, ẹni tó pàdánù ò gba nǹkan kan. Láti ráúǹdù kejì lọ, àwọn tí póíǹtì wọn dọ́gba ni kí ẹ máa so pọ̀, kí ọ̀ta lè máa bá ọ̀ta ta, kí ọ̀pẹ̀ sì rí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ta.

Iye ráúǹdù ò nira láti ṣírò. Ẹ máa pín àwọn tí kò tíì pàdánù sí méjì títí tó fi máa ku ẹyọ kan. 24 di 12 lẹ́yìn ráúǹdù kìíní, 12 di 6, 6 di 3. Mẹ́ta ò ṣeé so ní méjì-méjì, torí náà ní ráúǹdù kẹrin, ọ̀kan nínú wọn á bá ẹni tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ta, èèyàn méjì sì lè kù síbẹ̀ láìpàdánù. Ráúǹdù karùn-ún ló máa yanjú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láti èèyàn 17 dé 32, ráúǹdù 5 ni. 9 dé 16, ráúǹdù 4. 33 dé 64, ráúǹdù 6.

Ẹ wá jẹ́ ká wo aago, torí ibẹ̀ ni ìdíje ti sábà máa ń dàrú. Bí ẹ bá ní kí wọ́n ta géèmù mẹ́ta, kí ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ méjì borí, ìṣẹ́jú 50 ni ráúǹdù kan. Ẹ fi 10 kún un fún kíkó èsì jọ àti kí oníkálukú tó rí tábìlì rẹ̀. Wákàtí kan gbáko nìyẹn, wákàtí 5 fún ráúǹdù 5. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní 11:00, tí ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú 45, 4:45 ni ẹ máa parí, ẹ ò sì tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́rin tó gbégbá orókè, tí wọ́n máa tún ta láàárín ara wọn kí ẹ tó mọ ẹni kìíní. Ráúǹdù méjì ti àwọn yẹn á gbé yín dé 6:45. Gbọ̀ngàn ti bọ́ lọ́wọ́ yín.

Géèmù kan ní ìṣẹ́jú 30 ni màá ní kí ẹ mú. Tòun ti ìṣẹ́jú 10 ti àárín, 40 ni ráúǹdù kan. 11:00 títí di 1:00 ọ̀sán, ráúǹdù mẹ́ta ti lọ. Ẹ dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 45: àwọn Mùsùlùmí á kírun Àìlà, ebi á sì ti máa pa àwọn ọmọdé. Ráúǹdù kẹrin bẹ̀rẹ̀ ní 1:45, ìkarùn-ún parí ní 3:05. Ní 3:15, àwọn mẹ́rin tó wà lókè ta géèmù mẹ́ta ní ìṣẹ́jú 50. Ẹni tó fẹ́ kírun Àsárì lè ṣe é kí àṣekágbá tó bẹ̀rẹ̀ ní 4:20. Ẹ máa parí ní nǹkan bíi 5:15, ẹ sì ní àyè láti fún wọn lẹ́bùn, ká àga, kí ẹ gbá ilẹ̀.

Ohun kan tí ẹ gbọ́dọ̀ sọ kí wọ́n tó jókòó: bí aago bá dún, ẹni tí ọwọ́ kàn parí ọwọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ó ku ọwọ́ mẹ́ta péré láàárín àwọn méjèèjì. Bí kò bá sí ẹni tó jẹ, ọ̀mì ni. Láàárín àwọn mẹ́rin tó kẹ́yìn, ọ̀mì ò ṣeé gbà, torí náà ẹ kéde pé ẹni tí káàdì Prize (káàdì 6 tí oníkálukú yà sọ́tọ̀, tó ń mú nínú rẹ̀ nígbà tó bá lu Pokémon ẹnì kejì bolẹ̀) tó ṣẹ́kù fún un bá kéré jù ló borí.

Àǹtí Garki

Mo fara mọ́ ọn, àyàfi ibì kan. Ìṣẹ́jú 30 há fún ọmọdé. Ọmọ tí kò rí Basic Pokémon (Pokémon tí a lè gbé kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀) kankan nínú káàdì 7 tó kọ́kọ́ mú ní láti fi wọ́n han ẹnì kejì, kó tún po dẹ́ẹ̀kì (àpapọ̀ káàdì 60 rẹ̀), kó mú 7 míì. Bó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìṣẹ́jú 4 ti lọ kí géèmù tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi tábìlì àwọn ọmọdé sítòsí rẹfirí, kí ẹ má sì ṣí aago títí gbogbo tábìlì fi máa to Prize 6 wọn kalẹ̀. Bí wọ́n bá pe rẹfirí, tó sì lò ju ìṣẹ́jú kan lọ lórí ọ̀rọ̀ kan, kó kọ iye ìṣẹ́jú náà sórí ìwé èsì wọn, kó sì dá a padà fún wọn lópin.

Lórí tábìlì: tábìlì ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà gba ìdíje méjì, ìyẹn èèyàn mẹ́rin. Mẹ́fà nínú mẹ́jọ yín tó fún èèyàn 24. Ìkeje ti rẹfirí, ìkẹjọ ti ìforúkọsílẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà 1 sí 12 sórí pálí, kí ẹ ká a kó lè dá dúró. Ẹ wo òkè kí ẹ tó to tábìlì. Fáànù àjà tó wà ní ìpele kẹta máa ń gbé káàdì tí kò sí nínú sleeve (àpò rọ́bà tí wọ́n fi ń bo káàdì), ó sì máa ń yí ìwé èsì dà sílẹ̀. Ẹ sún tábìlì kúrò lábẹ́ rẹ̀, tàbí kí ẹ fi fáànù sí ìpele kìíní.

Oníwèé Jabi

Ọ̀rọ̀ iná tí ẹ béèrè: TOM ni ètò orí kọ̀ǹpútà tí ilé iṣẹ́ Pokémon fúnra wọn ń lò láti so èèyàn pọ̀, ìkànnì Challonge náà sì lè ṣe Swiss. Ẹ lo èyíkéyìí, àmọ́ ẹ ní pálí lọ́wọ́ o, torí pálí kì í kú bí iná bá lọ.

Ẹ gé pálí 24, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó àtẹ́lẹwọ́. Ẹ kọ orúkọ sókè. Ẹ fa ìlà mẹ́rin sísàlẹ̀ rẹ̀: ráúǹdù, ẹni tó bá ta, èsì, àpapọ̀ póíǹtì. Ní ráúǹdù kìíní, ẹ po wọ́n bí ẹni po Whot, kí ẹ máa ṣí wọn ní méjì-méjì. Àwọn méjì tó bá jọ jáde ni yóò jọ ta.

Lẹ́yìn ráúǹdù kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ èsì, kí ẹ sì to pálí sí òkìtì-òkìtì gẹ́gẹ́ bí póíǹtì. Òkìtì tó ga jù ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀: ẹ pò ó, ẹ ṣí méjì, ẹ wo ìlà kejì bóyá wọ́n ti pàdé rí. Bí wọ́n bá ti pàdé, ẹ dá ìkejì padà, kí ẹ ṣí òmíràn. Bí ẹnì kan bá ṣẹ́kù nínú òkìtì, ó bọ́ sí òkìtì tó tẹ̀ lé e, òun sì ni kí ẹ kọ́kọ́ wá ẹnì kejì fún níbẹ̀. Wàhálà wà ní òkìtì ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí àwọn méjì tó kẹ́yìn ti lè jẹ́ àwọn tó ti pàdé. Ẹ má fipá so wọ́n. Ẹ tú àwọn méjì tó wà lókè wọn, kí ẹ pààrọ̀ wọn.

Bí iye èèyàn bá di àìdọ́gba torí pé ẹnì kan ò wá, ẹni tí póíǹtì rẹ̀ kéré jù tí kò sì tíì gba bye (ìsinmi ráúǹdù kan) ló máa sinmi, ó sì máa gba póíǹtì 3. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹnì kan lè gba èyí.

Àṣìṣe tó ń ba Swiss jẹ́ jù ni èsì tí wọ́n kọ lódì, tí ẹni tó pàdánù gba póíǹtì ẹni tó jẹ. Ìwé èsì kékeré kan fún tábìlì kọ̀ọ̀kan, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ẹni tó jẹ fúnra rẹ̀ gbé e wá. Kí ẹ tó so ráúǹdù tuntun, ẹ ka póíǹtì gbogbo èèyàn sókè. Bí ẹ bá rí àṣìṣe lẹ́yìn tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta, ẹ má dá ráúǹdù dúró. Ẹ tún póíǹtì ṣe fún èyí tó ń bọ̀. Ẹni tó fẹ́ máa lọ sílé gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sórí ìwé èsì. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ máa so ẹlòmíràn mọ́ àga òfìfo.

Bí ẹ bá ń lẹ orúkọ mọ́ ògiri, ẹ tò ó ní A, B, D, kí nọ́ńbà tábìlì wà níwájú orúkọ. Bí ẹ bá tò ó ní tábìlì 1, tábìlì 2, gbogbo wọn á kóra jọ síwájú ìwé kan. Ẹ lẹ méjì ní ògiri ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì fi àwòrán rẹ̀ sórí WhatsApp.

Ó ṣeé ṣe kí àwọn tó jẹ 4 tó pàdánù 1 pọ̀ ju àyè tó kù nínú mẹ́rin lọ. Ẹ wo àwọn tí wọ́n bá ta. Bí àwọn márùn-ún tí Ẹni Kìíní bá ta bá jẹ 3, 3, 2, 4, 2, 14 nínú 25 nìyẹn, 56%. Bí ti Ẹni Kejì bá jẹ́ 2, 3, 2, 2, 3, 12 nínú 25 ni, 48%. Ẹni Kìíní ló wọlé, torí àwọn tó le jù ló bá ta. Ẹ ṣàlàyé èyí láàárọ̀, kó má di ìjà nírọ̀lẹ́.

Dẹ́ẹ̀kì Utako

Ọ̀rọ̀ ayédèrú ló kàn mí. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù sẹ́yìn káàdì. Káàdì gidi ní awọ dúdú kan láàárín ìwé méjèèjì tó ń dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà, ayédèrú sì máa ń jẹ́ kó kọjá bí ìwé lásán. Ẹ tún wo é tó wà nínú Pokémon: ọ̀pọ̀ ayédèrú ló máa ń gbàgbé àmì orí rẹ̀. Ẹ má sọ pé ìgbéraga ló ń mú wa kọ ayédèrú. Ayédèrú sábà máa ń rọ̀ ju gidi lọ, ọwọ́ sì máa ń mọ̀ ọ́n nígbà tí a bá ń po dẹ́ẹ̀kì, àní nínú sleeve. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti mọ ibi tí káàdì kan wà ti ń fojú rí ohun tó yẹ kó farapamọ́ fún un.

Bí ẹ bá fẹ́ gba káàdì tí wọ́n tẹ̀ fúnra wọn, torí kò rọrùn láti rí ojúlówó rà ní Abuja, ìlànà kan náà ni: ìwé tó wà níwájú káàdì nínú sleeve á mú kí káàdì yẹn nípọn. Kí ẹni náà fi ìwé òfìfo irú rẹ̀ sínú gbogbo sleeve 60. Ìdíje tiyín nìkan ni ẹ ti lè gba èyí, kì í ṣe èyí tí ilé iṣẹ́ náà fọwọ́ sí.

Oṣù Kejìlá ni ẹ mú, ọyẹ́ á ti dé. Káàdì tó ń dán máa ń tẹ̀ nígbà ọyẹ́, torí ìwé ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbẹ, àmọ́ awọ dídán iwájú ò gbẹ. Ẹ gbé dẹ́ẹ̀kì kalẹ̀ lórí tábìlì, kí ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́ ní ìpele ojú. Bí ẹ bá rí àlàfo tín-ín-rín kan láàárín káàdì, ibẹ̀ ni ẹni náà á máa gé e sí nígbàkigbà. Kó wá ẹ̀yà tí kò dán fi rọ́pò rẹ̀. Sleeve náà: káàdì Pokémon àti ti Magic jẹ́ 63 × 88 mm, ti Yu-Gi-Oh! kéré sí i, 59 × 86 (eré káàdì míì ni Magic àti Yu-Gi-Oh!). Ẹni tó bá ra sleeve Yu-Gi-Oh! fún Pokémon á tẹ etí káàdì rẹ̀.

Kí oníkálukú kọ káàdì 60 rẹ̀ sórí ìwé, kó fi sílẹ̀ kí ráúǹdù kìíní tó bẹ̀rẹ̀. Pokémon ò ní sideboard (káàdì àfipààrọ̀ láàárín géèmù), torí náà ohun tó kọ ló máa fi ta títí dé òpin. Ẹ máa yẹ tábìlì méjì wò ní ráúǹdù kọ̀ọ̀kan. Bí dẹ́ẹ̀kì bá jẹ́ 59, ẹ kọ́kọ́ lọ wo tábìlì tó ti ta tẹ́lẹ̀: Prize kan ló sábà máa ń gbàgbé síbẹ̀.

Ará Kubwa

Ẹ ṣé gan-an o. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì wà láàárín wọn tó ní bí àwọn bá pàdé ní ráúǹdù tó kẹ́yìn, àwọn á ju owó ẹyọ sókè. Bàbá ọmọ kan sì ń béèrè bóyá àwọn òbí lè fi owó díẹ̀ ta tẹ́tẹ́ lórí ẹni tó máa jẹ.

Rẹfirí Gwarinpa

Rárá sí méjèèjì, ọ̀gá mi. Bí wọ́n bá jọ gbà láti ṣe ọ̀mì láìsí pé ẹnì kan fún ẹnì kejì ní nǹkan kan, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Àmọ́ kí owó ẹyọ yan ẹni tó borí, tàbí kí ẹnì kan ní "jẹ́ kí n jẹ, màá fún ọ ní káàdì", ìwé òfin Magic kà á léèwọ̀, ẹ fi kún tiyín. Tẹ́tẹ́ àwọn òbí ń fi ọmọdé sínú ewu, torí lọ́jọ́ náà ni bàbá kan máa bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe mọ́ ọmọ tó pàdánù.

Ẹ má fi owó ṣe ẹ̀bùn rárá. Páálí booster ti èdè Gẹ̀ẹ́sì kan (pack káàdì tuntun tí wọn ò tíì ṣí) ní pack 36. Ẹ fún olúkúlùkù ní pack kan nígbà tó bá ń forúkọ sílẹ̀ láàárọ̀: 24 ti lọ. Nínú 12 tó kù, ẹni kìíní gba 5, ẹni kejì 3, àwọn méjì tó kù nínú mẹ́rin gba 2, 2. Ẹ kọ ìpín yìí sórí ìwé kan náà tí ẹ máa lẹ mọ́ ògiri ṣáájú ráúǹdù kìíní.