Bí a ṣe lè bó èèpo group kúrò lára XML láì da ohun inú rẹ̀ nù

ará_Kubwa:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Fáìlì kan ló kó area council 6 tó wà ní Abuja jọ, àmọ́ wọ́n fi `<group>` wé ọ̀kọ̀ọ̀kan:

```
<councils xmlns="urn:fct">
  <group id="1"><council>Bwari</council></group>
  <group id="2"><council>Kuje</council></group>
  ...
</councils>
```

Mo fẹ́ kí group lọ, kí council kù. XSLT, èdè tí wọ́n fi ń yí XML padà, ni mo ń lò. Identity template (èyí tó ń da gbogbo nǹkan kọ bó ṣe wà) ti wà nínú stylesheet mi, mo wá fi `<xsl:template match="group"/>` kún un. xsltproc, ètò tí mo fi ń ṣiṣẹ́ XSLT, ò yọ nǹkan kan. Nígbà tí mo pa xmlns rẹ́ láti fi dán an wò, group lọ, ó sì kó council dání.

ọmọ_Gwarinpa:
Ọ̀rọ̀ méjì ló wà níbẹ̀. Nínú XSLT 1.0, èyí tí xsltproc mọ̀, `group` tí kò ní prefix (àmì kúkúrú tó ń ṣáájú orúkọ, bíi `f:`) ni group tí kò sí nínú namespace kankan (agbo orúkọ tí xmlns ń kó àwọn tag sí). Tiyín wà nínú `urn:fct`, ìdí nìyẹn tí kò fi rí i. Bí ẹ tiẹ̀ kọ xmlns yẹn sórí stylesheet, kò kan match rárá. Àfi kí ẹ fún un ní prefix.

Èkejì, template tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ ń da group nù tòun ti ohun inú rẹ̀. Ẹ fẹ́ bó iṣu, ẹ ju iṣu mọ́ èèpo. Ẹ ní kó wọlé lọ bá àwọn ọmọ:

```
<xsl:stylesheet version="1.0"
  xmlns:xsl="http://www.w3.org/1999/XSL/Transform"
  xmlns:f="urn:fct">
  <xsl:output indent="yes"/>
  <xsl:strip-space elements="*"/>
  <xsl:template match="@*|node()">
    <xsl:copy><xsl:apply-templates select="@*|node()"/></xsl:copy>
  </xsl:template>
  <xsl:template match="f:group">
    <xsl:apply-templates/>
  </xsl:template>
</xsl:stylesheet>
```

Èyí tó bá ṣáájú nínú template méjèèjì ò ṣe nǹkan kan, èyí tí priority rẹ̀ ga jù ló ń borí: priority `f:group` jẹ́ 0, ti `node()` jẹ́ -0.5.

Lugbe_XML:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ `select="@*|node()"` sínú ti f:group. id àkọ́kọ́ á fò sórí councils. Tí id kejì bá fi máa dé, wọ́n ti kọ Bwari síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ attribute (bíi id) ò gbọdọ̀ tẹ̀ lé ọmọ. Saxon, ètò XSLT mìíràn, á dúró lójú ẹsẹ̀, á sì kọ àṣìṣe XTDE0410. Tí ẹ bá nílò id náà, ara council ni kí ẹ gbé e sí:

```
<xsl:template match="f:group/f:council">
  <xsl:copy>
    <xsl:copy-of select="../@id"/>
    <xsl:apply-templates select="@*|node()"/>
  </xsl:copy>
</xsl:template>
```

Ẹ ṣọ́ra fún strip-space náà. Kò séwu nínú irú fáìlì yìí, ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀rọ̀ àti tag bá ti dà pọ̀, bíi `<b>Kuje</b> <i>Abaji</i>`, àlàfo àárín wọn á pòórá, ọ̀rọ̀ méjèèjì á sì lẹ̀ mọ́ra.

ará_Kubwa:
Ẹ ṣeun gan-an. `grep -c '</council>' tuntun.xml` fún mi ní 6, id sì wà lára gbogbo wọn.