Fífọ rédíétọ̀ ọkọ̀ nílé kí òtútù tó wọlé

Olùbéèrè: Ẹ kúulé o, ẹ̀yin ará mi. Mo fẹ́ da omi rédíétọ̀ ọkọ̀ mi nù kí òtútù tó dé. Ó ti pọ́n bí irin tó dógùn-ún, hítà náà kò sì gbóná bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Mo ní àyè níwájú ilé, mo sì ní họ́ọ̀sì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Èsì: Àbúrò, o kú ìtọ́jú ọkọ̀. Fífọ̀ yẹn kò le. Ìgbà tí wọ́n bá ń da coolant tuntun (omi aláwọ̀ tó ń gbé ooru kúrò nínú ẹ́ńjìnnì, tí kì í sì í tètè dì) sí i ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣì í ṣe, torí náà mà á dúró síbẹ̀ dáadáa.

Má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Omi inú rẹ̀ há mọ́lé, ó sì gbóná kọjá omi tó ń hó lórí iná. Bí o bá ṣí i, á tú sí ẹ lójú ni. Jẹ́ kó tutù mọ́jú. Gbé bàsíà sábẹ́ rédíétọ̀, wo igun ìsàlẹ̀ rẹ̀, wàá rí ìdè kékeré kan tí wọ́n ń fọwọ́ yí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní kò ní in. Họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ ni kí o tú nígbà náà. Bí o bá máa wọ abẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ irin ni kí o gbé e lé, má fi jáàkì nìkan gbẹ́kẹ̀ lé.

Tó bá ti dà tán, dé e padà, rọ omi sí i, yí hítà sí gbígbóná pátápátá kí omi lè dé ibẹ̀ náà, kí o wá tan ẹ́ńjìnnì. Dúró kí họ́ọ̀sì òkè gbóná. Ìgbà yẹn ni thermostat, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń jẹ́ kí omi kọjá sí rédíétọ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Kó tó ṣí, inú ẹ́ńjìnnì lásán ni omi ń yí ká. Pa á, jẹ́ kó tutù, dà á nù, tún un ṣe títí omi á fi mọ́ gaara. Má fi ìkánjú rọ omi tútù sínú ẹ́ńjìnnì gbígbóná, ó lè sán. Omi distilled (èyí tí wọ́n ti yọ iyọ̀ inú rẹ̀ kúrò) ni kí o fi ṣe ìgbẹ̀yìn, torí omi ẹ̀rọ máa ń fi nǹkan funfun sílẹ̀ bíi ti ìsàlẹ̀ kẹ́tù.

Ibi tí mo ń lọ rèé. Gbogbo omi kọ́ ló máa ń dà jáde; púpọ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ́ńjìnnì. Ká ní ìwé ọkọ̀ sọ pé lítà 8 ló ń gbà, tí lítà 4 sì jáde. Lítà 4 omi lásán ló kù nínú. Bí o bá da lítà 4 ògidì coolant sí i, ó di ìdajì-ìdajì, kò sì ní dì títí òtútù á fi dé nǹkan bí -37°C. Àmọ́ bí o bá da èyí tí wọ́n ti pò mọ́ omi ní ìdajì-ìdajì láti ilé iṣẹ́ sí i, ìdá kan nínú mẹ́rin péré ni coolant á jẹ́. Nǹkan bí -12°C nìyẹn máa dì, omi tó bá sì dì a máa wú, ó lè la ẹ́ńjìnnì. Má rò pé ògidì nìkan ló dáa jù o: òun náà máa ń dì ní nǹkan bí -13°C, kì í sì í gbé ooru bí omi.

Olùbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an ni. Coolant tó wà nílé mi àwọ̀ ewé ni, ti inú ọkọ̀ sì pupa. Ṣé ó burú?

Èsì: Má tẹ̀ lé àwọ̀ rárá, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń pa tiẹ̀ láró bó ṣe wù ú. Irú tí ìwé ọkọ̀ dárúkọ ni kí o rà. Oríṣi méjì tí kò bára mu lè ki pọ̀, kó sì dí àwọn ojú ihò rédíétọ̀.

Èsì mìíràn: Ẹ jẹ́ kí n kín ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ kékeré, ajá tàbí ológbò, ẹ má fi bàsíà yẹn sílẹ̀ rárá. Coolant inú rẹ̀ máa ń dùn lẹ́nu, májèlé sì ni. Díẹ̀ báyìí ti tó láti pa ológbò. Ẹ má dà á sí gọ́tà. Ẹ rọ ọ́ sínú kéègì, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára, kí ẹ gbé e lọ síbi tí ìjọba ìbílẹ̀ yín ti ń gba irú rẹ̀.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n wa. Hítà náà ńkọ́?

Èsì: Afẹ́fẹ́ lè há síbẹ̀. Tí o bá ti rọ coolant tán, ṣí ìdérí sílẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, tàn án, hítà lórí gbígbóná, máa fún họ́ọ̀sì òkè lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Á máa yọ ìfóòfó. Bó ṣe ń lọ sílẹ̀ ni kí o máa bù kún un, kí o sì dé e kó tó gbóná jù. Àwọn ọkọ̀ mìíràn ní ìdè tí wọ́n ń tú fún afẹ́fẹ́ yìí, wo ìwé rẹ̀. Bí ìfóòfó kò bá dáwọ́ dúró, tàbí tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì rí bíi mílíìkì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì (èyí tí kì í jẹ́ kí omi àti ọ́ìlì pàdé) ló bàjẹ́, fífọ̀ kò lè wò ó sàn. Gbé e fún mẹkáníìkì. Bí kò bá sí ìyẹn, tún wo ìwọ̀n rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì kó tó gbóná, torí ó máa ń fà díẹ̀ lẹ́yìn tí o bá wà á lẹ́ẹ̀kan.