Kí ló dé tí bọ́tìnnì fi pín dọ́gba fún àwọn télọ̀ mọ́kànlá?

Ìyá Oníbọ́tìnnì:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò. Bọ́tìnnì, síìpù àti òwú ni mò ń tà ní Balógun, l'Ékòó níbí, ó ti lé lógún ọdún. Àwa kì í ka bọ́tìnnì ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Méjìlá ni dọ́sìnì, dọ́sìnì méjìlá ni gúróòsì, ìyẹn 144. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé mi náà nìyẹn: gúróòsì ló ń ṣíwájú, dọ́sìnì á tẹ̀ lé e, ẹyọ á kẹ́yìn.

Àwọn télọ̀ mọ́kànlá kan ní Èbúté-Mẹ́ta máa ń dáwó jọ ra ọjà lọ́wọ́ mi, èmi ni mo sì ń bá wọn pín in. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, gúróòsì 3, dọ́sìnì 7 àti ẹyọ 1 ni wọ́n rà. Mo ṣèèṣì ro 3, 7 àti 1 pọ̀, ó jẹ́ 11. Ìgbà tí mo pín in, 47 ló kan kálukú, ẹyọ kan ò ṣẹ́ kù! Mo bá tú ìwé àtijọ́ wò. Mo rí gúróòsì 2, dọ́sìnì 5, ẹyọ 4. Ìyẹn náà 11, 32 ló sì kan kálukú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó lórí ìjókòó ọjà. Kí ló fà á? Ẹ jọ̀ọ́, bọ́tìnnì ni kí ẹ fi ṣàlàyé fún mi.

Olùkọ́ Àkọkà:
Ẹ kú ọjà, mà. Ohun tí ẹ rí kì í ṣe kòńgẹ́. Ẹ pín dọ́sìnì kan fún àwọn mọ́kànlá yẹn: kálukú á mú ọ̀kan, ọ̀kan á ṣẹ́ kù. Ẹ pín gúróòsì kan: 13 á kan kálukú, ó di 143, ọ̀kan náà ló tún ṣẹ́ kù. Gúróòsì 3 á ṣẹ́ ku 3, dọ́sìnì 7 á ṣẹ́ ku 7, ẹyọ 1 sì ti wà nílẹ̀. Àṣẹ́kù ni ẹ rò pọ̀ yẹn, mà. Ó pé 11, kálukú bá tún mú ọ̀kan sí i: 39, 7 àti 1, ó di 47.

Tí a bá ń kọ iye ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, 9 ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí ọ̀kan péré ni 10 fi jù ú lọ. Àǹfààní mìíràn tún wà nínú ìwé yín: ẹyọ tó kẹ́yìn nìkan ti tó láti mọ̀ bóyá ọjà á pín dọ́gba fún ènìyàn 2, 3, 4 tàbí 6.

Ọmọ Ìdúmọ̀tà:
Ẹ jẹ́ ká mú un wá sílé. Ogún ni òǹkà àwọn baba wa dúró lé: ogún méjì ni ogójì, ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta, ogún lọ́nà ogún ni irinwó. 19 ló máa ṣe iṣẹ́ yìí níbẹ̀. Ẹ pín irinwó fún ènìyàn 19, 21 á kan kálukú, ọ̀kan á ṣẹ́ kù. Inú mi dùn tí mo rí i pé ó bá a mu.

Àmọ́ mà, 517 ni bọ́tìnnì ọ̀sẹ̀ tó kọjá yẹn, bó ti wù kí ẹ kọ ọ́, 11 á pín in. Bí ẹ ṣe ń kọ ọ́ ní méjìlá-méjìlá ló jẹ́ kí ojú yín tètè rí i.

Ìyá Oníbọ́tìnnì:
Ẹ ṣé gan-an ni, Olúwa á máa fi kún ìmọ̀ yín. Lónìí ni wọ́n tún wá. Gúróòsì 1, dọ́sìnì 9, ẹyọ 5. Mo rò ó pọ̀, 15. Mo yọ 11 kúrò, ó ku 4. Mo sọ fún wọn kí n tó tú páálí pé ẹyọ mẹ́rin máa ṣẹ́ kù, wọ́n ní kí n pín in kí àwọn fojú rí i. Mẹ́rin ló ṣẹ́ kù lóòótọ́. Wọ́n ra méje sí i, 24 sì kan kálukú.