Ọgbà kékeré níwájú ilé ní Sùúrùlérè: mo fẹ́ kó tutù, mi ò sì fẹ́ di gádínà

ỌmọÀgùdà:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ilé tí bàbá wa kọ́ sí Àgùdà, Sùúrùlérè ni mò ń gbé, àyè kan wà níwájú ẹ̀ láàárín ilé àti fẹ́ǹsì, á tó fíìtì 30 sí 12, erùpẹ̀ lásán àti koríko játijàti àti táyà àtijọ́ ló kún bẹ̀. Gbogbo èèyàn ń sọ pé kí n da intalọ́ọ̀kì sí i kí n lọ sinmi. Èmi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ jàre. Ibi tí mo lè jókòó sí lálẹ́ tí mo bá ti bá gosílóò Tádì Méńlàǹdì jà tán ni mò ń wá, ibi tó mọ́, tó dákẹ́, bí àwọn tí à ń rí lórí Instagram, òkúta funfun, ewé díẹ̀, iná kékeré. Ṣùgbọ́n mi ò ráyè, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti ń jáde, Sátidé nìkan ni mo máa ń wà nílé, ìyẹn gan-an tí ò bá sí òde. Kí ni mo lè gbìn tí ò ní kú mọ́ mi lọ́wọ́? Ẹnì kan ní kí n tẹ́ koríko onírọ́bà, ṣé ó dáa? Oòrùn máa ń mú níbẹ̀ gan-an láti ọ̀sán lọ, tójò bá sì rọ̀, omi máa ń dúró ní igun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì.

Bọ̀dáBíríkìlà:
Àbúrò, omi igun yẹn ni kó o kọ́kọ́ wojú ẹ̀ kó o tó ra ewé kankan. Tó bá fi máa di oṣù kẹfà tójò Èkó bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, gbogbo òkúta Instagram ẹ ló máa wọnú ẹrẹ̀. Jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ fi rọ́bà gbọọrọ tí wọ́n bu omi sí wo bílẹ̀ ṣe dagun sí, kó lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ara ilé sí ọ̀nà gọ́tà, ínǹṣì kan nínú fíìtì mẹ́rin ti tó. O ṣeun tó ò gbà fún wọn lórí intalọ́ọ̀kì, tí gbogbo àdúgbò bá ti fi dí ilẹ̀ pa tán níbo lomi fẹ́ wọlé sí, inú pálọ̀ náà ni.

Òkúta wá. Má ra funfun. Eruku àti ewéédò ò ní jẹ́ kó funfun ju oṣù díẹ̀ lọ, tó bá tún wá jẹ́ omi bohòòlù tó ní ìpẹtà lò ń fọ́n síbẹ̀, á pọ́n bí ògì bàbà. Gíráníìtì wẹ́wẹ́ tàbí òkúta odò aláwọ̀ búráwùn ló máa ń pẹ́ lójú. Kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ aṣọ dúdú tómi ń gbà kọjá sílẹ̀, kí wọ́n wá da òkúta lé e, kó ga tó ínǹṣì méjì. Tí wọ́n bá fẹ́ fi ọ̀rá lásán rọ́pò aṣọ yẹn fún ẹ má gbà, omi á dúró lórí ẹ̀, yànmùyánmú á sì sọ ibẹ̀ di ilé. Kí wọ́n to búlọ́ọ̀kù yí etí ẹ̀ ká, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wàá máa ṣa òkúta ní kọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀.

Ní ti jíjókòó, àga onírin tàbí onípákó tó ń fẹ́ ọ̀dà lọ́dọọdún kọ́ lo nílò. Mọ pèpéle mọ́ ara fẹ́ǹsì bíi tayé àwọn bàbá wa, kó ga tó ínǹṣì 18, fi sìmẹ́ńtì dán an, ó tán. Kò sóhun tó tún lè móde ju ìyẹn lọ.

Sísí_Yábà:
Koríko onírọ́bà wà ní bákónì wa, ó rẹwà, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n abẹ́ òrùlé ló wà o. Nínú oòrùn ọ̀sán tó o sọ yẹn kò sẹ́ni tó máa lè fẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́, rọ́bà ni, ó máa gbóná kọjá kèrémí. Koríko gidi náà, kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì, nígbà òjò kì í pẹ́ ga, ta ló fẹ́ máa gé e fún ẹ? Fi òkúta bọ́ nínú méjèèjì.

Fún iná, aláwọ̀ ìyeyè ni kó o rà, funfun yẹn á jọ ilé epo. Ti sólà ni kó jẹ́, má fi ti NEPA sí i.

Ìyá_Ìbejì_Ogùdù:
Ọmọ mi, ewé mẹ́ta péré ni kó o yàn, kó o wá gbìn wọ́n lọ́pọ̀. Ibẹ̀ ni ẹwà ibi tó dákẹ́ wà. Ẹni tó bá ra méjì méjì nínú gbogbo nǹkan tí àwọn olódòdó etí títì bá fi hàn án, ọjà ló kó wálé yẹn, kì í ṣe ọgbà.

Pèrègún ni kó o tò sẹ́yìn lára fẹ́ǹsì. Ẹ̀ka ẹ̀ lásán lo máa gé, wàá ki í bọlẹ̀, á hù. Ọ̀já ìkookò, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní snake plant, ni kó o fi sí iwájú ẹ̀, àwọn tó nàró ṣánṣán, oòrùn ò dí i lọ́wọ́, omi ló sábà máa ń pa á torí gbòǹgbò ẹ̀ tètè ń rà, nítorí náà má gbìn ín sí igun géètì yẹn láé. Ẹ̀kẹta ni ọ̀dúndún, inú ìkòkò ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle ni mo fẹ́ ẹ sí. Ewé ẹ̀ nípọn, ó ń tọ́jú omi pa mọ́. Ìdí ìkòkò gbọ́dọ̀ ní ihò o.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni kó o gbìn ín, kójò bá ẹ fọ́n omi. Lásìkò ọyẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó o rin ín dáadáa. Ìgbẹ́ adìẹ tútù á jó gbòǹgbò, jẹ́ kó jẹrà ná. Àwo tó bá wà lábẹ́ ìkòkò, da omi inú ẹ̀ nù ní gbogbo Sátidé, ẹyin yànmùyánmú lè di èyí tó ń fò láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá.

Bugẹnfílíà rẹwà lóòótọ́ àmọ́ ó lẹ́gùn-ún, wàá sì máa gbá òdòdó ẹ̀ lójoojúmọ́. Igi fúrúùtù ńkọ́? Má dán an wò, ewé ẹ̀ á pọ̀ ju agbára ẹ lọ.

Bọ̀dáBíríkìlà:
Mo fara mọ́ ìyá. Igi fíkọ́ọ̀sì náà, kó jìnnà sí ṣọ́kàwéè àti fẹ́ǹsì, gbòǹgbò ẹ̀ máa ń la ògiri.

ỌmọÀgùdà:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Wàhálà kan ló kù: mo dárúkọ pèrègún fún màámi, wọ́n ní kò ní wọnú ilé àwọn, pé ewé ojúbọ ni, pé kí ni àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì á máa wí 😂 Ọ̀dúndún náà ò tẹ́ wọn lọ́rùn.

Ìyá_Ìbejì_Ogùdù:
😂😂 Sọ fún màámi pé èyí tó ní ìlà ìyeyè láàárín ewé, tí wọ́n ń gbé sí báńkì àti ẹ̀yìn pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì, pèrègún náà ni. Ra ìyẹn fún wọn, àmọ́ kò fẹ́ràn oòrùn líle, sún un mọ́ ibi tí ilé bá ti ṣíji bò. Tí wọ́n bá gbà fún aláwọ̀ ewé lásán, ó pọ̀ nílé mi, máa bọ̀ ní Ogùdù, kó o mú àdá dání.