“Arrêt”, “stationnement”, “PV”: báwo la ṣe máa túmọ̀ wọn fún àwọn awakọ̀ Àjàṣẹ́?

Ọmọ_Àjàṣẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìwé pélébé kan la fẹ́ kọ ní Yorùbá fún àwọn awakọ̀ tó ń gbé èrò lọ́jà Ouando, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí. Ọ̀rọ̀ Faransé mẹ́ta tó wà lókè yìí ló dá wa dúró. “Dúró” la kọ́kọ́ kọ fún arrêt àti stationnement, ṣùgbọ́n kò bá a mu. Àwọn kan tún ní bí iná ọkọ̀ bá ti ń ṣẹ́jú lọ́tùn-ún lósì, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Bàbá_Kóòdù:
Bẹ́ẹ̀ kọ́. Iná tó ń ṣẹ́jú ò yí nǹkan kan padà, ẹ́ńjìnnì tí wọn ò pa náà ò yí i. Ohun méjì lòfin ń wò: kí lọkọ̀ ń ṣe níbẹ̀, níbo sì ni awakọ̀ wà? Arrêt ni ìwọ̀n àkókò tí èrò fi máa wọlé tàbí bọ́ sílẹ̀, tàbí tí wọ́n fi máa kó ẹrù tàbí já a, tí awakọ̀ sì wà nídìí ọkọ̀ tàbí nítòsí, tó lè sún un kíá. Ìdúró mìíràn tí awakọ̀ bá fọwọ́ ara rẹ̀ dúró, stationnement ni.

Kò sí iye ìṣẹ́jú nínú ìtumọ̀ yẹn o. Ìyá tó ń já àpò gàrí 10 lè lo ìṣẹ́jú 15, arrêt ṣì ni. Awakọ̀ tó sáré ra omi ní ìsọ̀ òdìkejì, ìṣẹ́jú 2 péré, stationnement ni. Èyí tó ń dúró kí ọkọ̀ kún ńkọ́? Stationnement ni, bó tilẹ̀ di ìdarí mú, torí kò sẹ́ni tó ń wọlé. Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ ti ń jìn sí kòtò.

Nítorí náà, ẹ má kọ “dúró díẹ̀”, wọ́n á rò pé aago là ń wò. “Ìdúró èrò àti ẹrù” àti “ìgbọ́kọ̀kalẹ̀” ni tèmi. Ẹ ya àwo àmì ojú títì méjèèjì sí i: roboto búlúù, etí pupa. Ìlà pupa kan tó dábùú rẹ̀, ìgbọ́kọ̀kalẹ̀ ló kọ̀, ẹ lè já èrò. Ìlà méjì bíi X, méjèèjì ló kọ̀.

Ará_Kétu:
PV, méjì ni, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Èyí tí ọlọ́pàá ń kọ ni procès-verbal, ìwé ẹ̀sùn. Níbi ìwọ̀n ọkọ̀, poids à vide ni: ìwọ̀n ọkọ̀ lófìfo, pẹ̀lú epo tó kún táńkì, táyà àfirọ́pò àti irinṣẹ́. Awakọ̀ ò sí nínú rẹ̀. PTAC ni ìwọ̀n tí gbogbo rẹ̀, ọkọ̀, èèyàn, ẹrù, kò gbọdọ̀ kọjá. Ẹ yọ PV kúrò nínú PTAC, ohun tó kù ni charge utile, ìwọ̀n èèyàn àti ẹrù tí ọkọ̀ lè gbé.

Ká ní carte grise (ìwé ọkọ̀) kọ PTAC 3.000 kg, PV 1.850 kg. Ó ku 1.150. Sìmẹ́ńtì kg 50, ẹ̀yin á ní àpò 23. Rárá! Awakọ̀ kg 70, ọmọ ọkọ̀ kg 60, ó ku 1.020: àpò 20 ni.

Bàbá_Kóòdù:
Ẹ fi ìkan sí i: arrêté kì í ṣe arrêt. Ìwé àṣẹ tí mairie (ìjọba ìlú) fọwọ́ sí ni arrêté, òun ló ń sọ títì tó kan. “Stationnement abusif” ni ọkọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ síbì kan fún ọjọ́ púpọ̀. Ní Faransé, ó ju ọjọ́ 7 tẹ̀léra lọ. Ẹ ka arrêté tiwa kí ẹ tó kọ iye ọjọ́ sínú ìwé yín.

Ọmọ_Àjàṣẹ́:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin bàbá. Ọkọ̀ tó bàjẹ́ lójú títì ńkọ́?

Ará_Kétu:
Kò sí nínú méjèèjì, torí kì í ṣe awakọ̀ ló fẹ́ dúró. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ hàn pé ó bàjẹ́: kí wọ́n tì í sí etí títì bó bá ṣeé tì, kí iná máa ṣẹ́jú (ibí yìí niṣẹ́ rẹ̀ wà), kí tìráńgù (àmì ìkìlọ̀ onígun mẹ́ta) wà lẹ́yìn ní nǹkan bíi mítà 30. Ẹ̀ka igi nìkan ò tó, pàápàá lóru.