Intafíù iṣẹ́ verification: wọ́n á ní kí n yẹ FIFO wò

Ìdòwú_RTL: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe chip pè mí fún intafíù design verification (iṣẹ́ yíyẹ design chip wò bóyá ó ní àṣìṣe) lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n ní wọ́n á gbé FIFO alálàyè 16 (ibi ìtọ́jú dátà tí ohun tó kọ́kọ́ wọlé ti ń kọ́kọ́ jáde) síwájú mi, kí n sọ bí mo ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ni wọ́n ń wá gan-an? Ṣé kí n há gbogbo class UVM (àkójọ kóòdù tí wọ́n fi ń kọ test chip) sórí ni?

Bàbá_Waveform: Àbúrò, má há nǹkan kan sórí. Kí o tó kọ ìlà kan, bi wọ́n léèrè: ṣé clock (àmì tó ń lù déédéé tí chip ń tẹ̀ lé) kan náà ni wọ́n fi ń kọ tí wọ́n sì fi ń kà? Bí a bá kọ sí i nígbà tó ti kún, kí ló yẹ kó ṣẹlẹ̀? Dátà tí a kà ńkọ́, ṣé lójú ẹsẹ̀ ló ń jáde àbí ní clock tó tẹ̀ lé e? Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló ń mú èèyàn jù. Bí monitor rẹ (apá test tó ń wo àmì FIFO) bá ka dátà ní clock tí rd_en (àmì tó ní kí a kà) gòkè, tó sì jẹ́ pé clock kejì ni FIFO ń gbé e jáde, scoreboard (apá test tó ń fi dátà tó jáde wé èyí tó yẹ kó jáde) á máa pariwo láti orí dátà àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ design ò ṣẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, dárúkọ ibi tí bug ń sá sí: kíkọ àti kíkà ní clock kan náà nígbà tó kún, àti nígbà tó ṣófo, reset nígbà tí dátà ṣì wà nínú rẹ̀, ìgbà tí pointer (nọ́ńbà tó ń tọ́ka àyè tí a máa kọ sí tàbí tí a máa kà) yíká padà sí 0. Bit 4 tó fún àyè 16, àmọ́ bit 5 ni pointer sábà máa ń ní, torí bí bit 4 ìsàlẹ̀ pointer kíkọ àti ti kíkà bá dọ́gba, ó lè kún, ó sì lè ṣófo. Bit karùn-ún ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí náà, kọ ju dátà 32 lọ, kí o máa kà láàárín.

Omidan_CDC: Bó bá jẹ́ clock méjì, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Gray code ni pointer gbọ́dọ̀ jẹ́ kó tó gba flop méjì (synchronizer) kọjá sí clock kejì, kó lè jẹ́ bit kan ṣoṣo ló ń yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má sì sọ pé simulation lásán á mú metastability (kí flop má tètè mọ̀ bóyá 0 ni àbí 1); irinṣẹ́ CDC (tó ń yẹ ibi tí àmì ti ń kọjá láti clock kan sí òmíràn wò) ni wọ́n fi ń wá a.

Wọ́n tún fẹ́ràn ìṣirò: kíkọ ní 100 MHz, kíkà ní 80 MHz, dátà 120 tẹ̀léra. Kíkọ gba 1.2 µs, 96 la ti kà láàárín ìgbà yẹn, ó ku 24. Àyè 24 ni FIFO nílò, ó kéré tán, ká tó fi ìdádúró synchronizer kún un.

Ìdòwú_RTL: Ẹ ṣeun gan-an. Coverage (ìwọ̀n ohun tí test ti dé) ńkọ́? Bó bá ti pé 100%, ṣé iṣẹ́ ti parí?

Bàbá_Waveform: Rárá o! Code coverage ò lè rí ìlà tí designer gbàgbé láti kọ. Functional coverage náà, ohun tí o bá kọ sínú covergroup (àkójọ ohun tí o fẹ́ kí test dé) nìkan ló mọ̀. Fi cross so "ó kún" mọ́ "kíkọ àti kíkà pọ̀", inú wọn á dùn sí i.

Má gbàgbé check_phase (ìpele UVM tí a ti ń yẹ èsì wò lẹ́yìn test). Ka FIFO tán pátápátá, kí o wá wo queue (ìlà dátà tó ń retí) inú scoreboard: bí nǹkan bá ṣẹ́ kù níbẹ̀, dátà ti sọnù. Bí o ò bá wò ó, test á kàn ní òun yege.